Ojú Ọ̀rẹ́ Mi Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Obìnrin tó ń ṣètò ìpàdé àwa tí a jọ jáde ní lisé, ilé-ìwé girama wa, pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní kálukú wa máa dìde, a ó sọ ohun tí a ti fi ayé wa ṣe láti ìgbà tí a ti jáde. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kó gùn. Mo ní kò burú. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, mo béèrè àwọn tó ń bọ̀. Bó ṣe ń dárúkọ wọn ni mò ń sọ pé "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n," bẹ́ẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo ni mò ń retí. Nígbà tó kàn án, mo bá ara mi tí mo ń fa aṣọ mi tọ́, bí ẹni pé onítọ̀hún ti wọlé.

"Ṣé láti òkè òkun ló ti ń bọ̀ ni?" mo bi í.

"Ó ti pa dà sí Niamey láti èṣí. O ò mọ̀ ni? Ṣebí ọ̀rẹ́ ni yín?"

Mo ní ọ̀rẹ́ ni wá.

Ohun tí mo ní láti sọ nípa ara mi kò pọ̀. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo lọ́kọ, mo bímọ, ọkọ ti kú, àwọn ọmọ wà láàyè. Ènìyàn á sọ ọ́ tán kí omi tó hó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó láti to ọ̀rọ̀ náà jọ, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí ló ń ṣáájú tèmi. Ọdún bíi mélòó kan wà láyé mi tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí i nínú ilé mi, tí òun kò sì rí mi.

Àdúgbò kan náà la dàgbà sí, lẹ́bàá ọjà ńlá Niamey. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, aṣọ ló ń tà. Bàbá tirẹ̀ wá láti abúlé kan lágbègbè Ọ̀yọ́, aṣọ lòun náà ń tà, ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni ìyá. Ilé ni bàbá mi ti lọ fẹ́ ìyá mi wá. Ọmọ Zarma, àwọn onílẹ̀, ni ìyá tirẹ̀, láti Lamordé, ní òdì kejì odò. Bí o bá wọ ilé wọn, Yorùbá ni wọ́n máa fi kí ẹ, Zarma ni wọ́n á fi bi ẹ́ bóyá o ti jẹun. Nílé tiwa, ẹni tó bá fi Zarma dá ìyá mi lóhùn, á ní òun kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ Zarma náà ló fi ń ná ẹran lọ́jà láràárọ̀.

A jọ wọ lisé àwọn ọmọbìnrin, a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, títí dé òpin. "Ìkejì mi" ló máa ń pè mí. Mo mọ̀wé jù ú lọ, àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Òun ní èjí, ó ga, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Bí wọ́n bá ní kó ka ewì lágbàá, á ka ìlà méjì, á gbàgbé ẹ̀kẹta, á wá rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà á rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kà á dé òpin láìṣìṣe, wọ́n á ní kí n jókòó.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni àwa méjèèjì lọ kọ́. Wọ́n gbé òun sí ilé-ìwé kan láàárín ìlú, nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n gbé èmi sí Lazaret, àdúgbò kan ní etí ìlú. Àwọn ológun ti gbàjọba nígbà náà. Ọ̀dá tó pa màlúù àwọn ènìyàn ti rọlẹ̀, yuréníọ̀mù tí wọ́n ń wà jáde lókè aṣálẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọ ìlú. Ibi tí ewúrẹ́ ti ń jẹko lánàá, ilé alájà púpọ̀ ló ń hù níbẹ̀. Ọkọ mi jẹ nínú rẹ̀ níwọ̀nba, torí awakọ̀ tírélà ni. Òun ló ń gbé sìmẹ́ǹtì àti oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń wa kùsà náà, yóò sì pa dà wá pẹ̀lú eruku pupa nínú etí.

Ọdún yẹn ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun sílẹ̀. Wọ́n kéde pé àwọn ń wá olùkọ́ ọ̀dọ́, obìnrin, tó gbọ́ Faransé àti Zarma dáadáa, tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Kò tilẹ̀ tíì gbọ́. Ó ní, "Ìkejì mi, jẹ́ ká jọ lọ, ká lọ fi wọ́n ṣeré."

Mo kọ ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀, mo há a sórí, mo kọ́ ògiri lẹ́kọ̀ọ́ títí ọkọ mi fi ní òun náà ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó dè wá lọ́jọ́ náà. Aṣọ ológun ló wà lọ́rùn ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí mo ṣe ti Faransé tán, àwọn méjèèjì tó kù ń mi orí. Mo bọ́ sí Zarma. Kò sí ohun tí n kò sọ níbẹ̀ tó yẹ kí n sọ. Ológun náà gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Madamu, ẹ ṣeun. Faransé yín mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n Zarma yín, ti ọjà ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọmọ ibí."

Mo ní, "Ọ̀gá, ibí ni wọ́n bí mi sí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Etí ni kò mọ̀."

Wọ́n pe ọ̀rẹ́ mi wọlé. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó gbàgbé àárín ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo gbọ́ ibi tó ti gbàgbé rẹ̀ gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín.

Òun ni wọ́n mú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rọrùn fún mi láti má rí i. Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀. Ọ̀kan wà ní àgbàlá ilé ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ní àdúgbò wa, àwọn ènìyàn á lọ jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, èmi á ní ìwé àwọn ọmọ ni mò ń yẹ̀ wò. Ó wá di ọjọ́ kan, ọkọ mi ti òkè dé, òun àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ gbé páálí ńlá kan sọ̀ kalẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, wá wo nǹkan tí mo rà fún ẹ. O ò ní máa wá ọ̀rẹ́ rẹ kiri mọ́."

Báyìí ló ṣe fowó ara rẹ̀ gbé e wá sí pálọ̀ mi.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó ti dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọkọ mi ló lọ mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Zarma. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, a tan tẹlifíṣọ̀n, orin dún, ojú ọ̀rẹ́ mi sì yọ, ó kún gíláàsì náà. Ó rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn, ó ní, "Fofo, fofo," bí àwọn Zarma ṣe máa ń kí ara wọn. Ìyá ọkọ mi fọwọ́ lélẹ̀, ó gbéra díẹ̀ lórí àga, ó ní, "O káre, ọmọ mi. O kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́?"

Àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹni tó bá kíni ni à ń dá lóhùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò dá a lóhùn. Bí ó bá wọ aṣọ tuntun, á ní kó gbó o. Bí ó bá wúkọ́, á ní pẹ̀lẹ́. Ìgbà kan tí ọyẹ́ mú, tí ètè rẹ̀ gbẹ, ó ní kí n bá òun sọ fún un kó fi òrí pa á.

Àwọn ará ilé wa tó wà ládùúgbò pẹ̀lú a máa wá wò ó. Èmi ni mò ń tẹ́ ẹní, èmi ni mò ń gbé omi tútù fún wọn, tí wọ́n á mu, tí wọ́n á sì máa yin ẹni tó wà nínú gíláàsì. "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ jọ kàwé?" Mo ní lóòótọ́ ni. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn láti kékeré?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjà Katako, aránṣọ mi bi mí irú apá tí mo fẹ́ kí òun fi sí bùbá mi, mo ní èyíkéyìí. Ó ní, "Kí n fi apá ti tẹlifíṣọ̀n sí i?" Apá aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní kó máà fi apá kankan sí i. Aṣọ náà wà níbẹ̀ títí mo fi lọ bẹ̀ ẹ́.

Ti kíláàsì mi ló dùn mí jù. Lásìkò ìsinmi, àwọn ọmọbìnrin máa ń fi agolo tòmátò tó ti ṣófo ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á jà lórí ẹni tó máa ṣe ọ̀rẹ́ mi. Mo wo gbogbo wọn káàkiri ọgbà. Kò sí ẹyọ kan tó ń ṣe èmi.

Ọkọ mi ní lọ́jọ́ kan, "Ọ̀rẹ́ rẹ yìí mọ̀rọ̀ọ́ sọ o."

Mo gbé abọ́ túwó rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó dún gbàù. Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ fún un ni. Ìwé ló ń kà."

"Ó kà á dáadáa."

"Èmi náà lè kà á."

Ó wò mí, ó mú òkèlè, ó ní, "Mo mọ̀." Ohùn tó fi sọ ọ́ dà bí èyí tó máa ń fi bá táyà tó ti jò sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní àwọn tẹlifíṣọ̀n fẹ́ wá ya àwòrán ẹ̀kọ́ kan nínú kíláàsì gidi, kíláàsì mi ni òun sì ti yàn fún wọn torí pé àwọn ọmọ mi gbọ́ràn. Wọ́n kun ògiri ní funfun, gbogbo ilé-ìwé ń rùn bí ẹfun. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjọba, ó sáré wá dì mọ́ mi, ó ní, "Ìkejì mi! Ìwọ nìyí!" Òórùn rẹ̀ dára. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì bá a mu, inú bí mi sí i.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ ni bí òjò ṣe ń wáyé. Òun ló máa kọ́ wọn. Wọ́n ní kí n dúró ti ògiri, níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó béèrè ìbéèrè, ó nàka sí ọmọ kan. Ọmọ náà yíjú sí mi. Ó nàka sí òmíràn, òun náà yíjú sí mi. Oníkámẹ́rà pariwo pé, "Ẹ má wo ẹ̀gbẹ́! Iwájú ni kí ẹ máa wò!" Wọ́n wo iwájú fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe tún béèrè ìbéèrè, gbogbo orí kíláàsì tún yí sí ọ̀dọ̀ mi. Mo fi ojú ṣe é fún wọn pé kí wọ́n dáhùn, ẹnu wọn kò là. Òógùn bọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó gbàgbé ohun tó kàn, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ mi kò bá a rẹ́rìn-ín. Ojú wọn ń wá ẹni tó máa sọ ohun tó kàn.

Oníkámẹ́rà ní kí èmi kúkú kọ́ wọn. Ó ní àwọn máa ya ojú àwọn ọmọ àti ọwọ́ mi nìkan. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n máa gbé lé e tí wọ́n bá dé ilé iṣẹ́.

Mo ní kí wọ́n bá mi gbé kẹ́túlù àti àdògán wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà. Omi hó, ooru rẹ̀ ń gòkè. Mo mú abọ́ irin tí mo ti fi omi àmù mú kí ó tutù, mo dà á bo orí ooru náà. A dúró. Omi sé mọ́ ìdí abọ́ náà, ó kóra jọ, ó kán. Mo ní, "Kí nìyí?" Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, "Òjò! Madamu, òjò ni!" Ọ̀kan dìde lórí bẹ́ǹṣì láti na ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo gbàgbé pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. N kò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ń kó wáyà wọn. Ó wá ní, "Inú ń bí mi sí ẹ."

"Sí èmi?"

"Ṣé o rí bí wọ́n ṣe ń wò ọ́? Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, kò sí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Mò ń kí gbogbo ìlú lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Gíláàsì ni mò ń kí."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ojú rẹ̀, ẹnu mi yá ju èrò mi lọ. Mo ní, "Ẹnì kan wà nílé mi tó ń dá ẹ lóhùn." Mo sọ ti ìyá ọkọ mi fún un, ti ètè, ti òrí, ti ikọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ òjò náà jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A rí ojú àwọn ọmọ mi, a rí kẹ́túlù, a rí ọwọ́ mi àti abọ́. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé ní, "Ọwọ́ rẹ̀ mà dára o." Mo nawọ́ mi sí wọn. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní lóòótọ́, ó jọ ọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà parí, ọ̀rẹ́ mi yọjú láti kí gbogbo ìlú pé ó dàárọ̀. Ó ṣe ti Zarma, ó ṣe ti Faransé, ó wá wo ọ̀gangan ibi tí a jókòó sí, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá. Mo gbọ́ pé ẹ ń dá mi lóhùn. Ẹ ṣé o."

Yorùbá ni, nínú tẹlifíṣọ̀n ìjọba! Ìyá ọkọ mi dìde dúró láìmú ọ̀pá. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i bí? Ẹ ní kò gbọ́!" Ó sunkún, ó gbàdúrà fún un, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ìtìjú. Gbogbo ilé dìde, wọ́n ń bá a yọ̀. Èmi nìkan ló jókòó. Mo mọ ẹni tó fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti sìn ìyá yìí, mo ti fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, kò sunkún torí tèmi rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin mìíràn ló yọjú.

Lákòókò yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbàjọba, ilé rédíò ló kọ́kọ́ ń gbà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá máa sọ níbẹ̀ ni àwọn ológun ti ń kà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ ohun tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, ní èdè tí àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì wá ẹni tó bá wọn túmọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan fún ìdáhùn tó ti rí gbà. Ìdáhùn sí kí ni? Ta ni "Ìyá" yìí? Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí àwọn yóò fi wádìí.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí kò sí níbẹ̀, mo jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi kò dá ọmọ tuntun náà lóhùn. Ó ní, "Ọmọ mi dà?" Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi wá sí ilé wa ní Lazaret fúnra rẹ̀, kò lo tìróò, ó fi ìborùn bo orí. Ó ní, "Ìkejì mi, mo ti dárúkọ rẹ fún wọn. Wọ́n ní kí n mú Ìyá náà wá."

Mo lè sọ pé ìyá kò lè rìn. Èrò náà wá sí mi lọ́kàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá, ó ń pariwo pé, "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!" Ó jáde, ó di ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó tóbi tó ti inú gíláàsì.

A jọ lọ. Ọ́fíìsì náà tutù, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Ológun tó jókòó nídìí tábìlì, òun náà ló wà níbi ìdánwò ọjọ́sí. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi dúró síta. Èmi ni kí n túmọ̀.

Ó béèrè ní Zarma pé, "Ta ni ìyá yìí sí ẹni tó kí i?"

Mo túmọ̀. Ìyá ọkọ mi ní, "Ọmọ mi ni."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, "ìyàwó" ló ń pè mí. Kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ rí. Ológun náà ń wò mí. Mo ní, "Ó ní ọmọ òun ni. Kì í ṣe òun ló bí i, ọ̀gá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Ìdáhùn wo ló ń fún un? Ọ̀nà wo ló ń gbà?"

Mo túmọ̀ ìyẹn pẹ̀lú. Ìyá ọkọ mi wo ọkùnrin náà tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Bá mi bi í, ìyàwó mi, ṣé wọn kì í kí ara wọn nílé tiwọn ni? Ọmọ náà kí mi, mo dáhùn. Ó wọṣọ tuntun, mo ní kó gbó o. Kí ló tún kù?"

"Ṣé kò mọ̀ pé ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n kò lè gbọ́ ọ ni?"

"Mo mọ̀. Mi ò ya wèrè. Èmi ti dáhùn tèmi. Bó gbọ́, bí kò gbọ́, ìyẹn wà lọ́wọ́ òun. Kí ó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọmọ mi pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ le."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìyọ ẹyọ kan, títí dé ojú tó le. Nígbà tí mo ń sọ ọ́, mo gbọ́ ohùn ara mi, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá obìnrin náà pa dà sí pálọ̀ mi. Ológun náà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò rọrùn fún un. Ó bo ẹnu rẹ̀, ó wúkọ́. Ìyá ọkọ mi ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo túmọ̀ ìyẹn náà.

Nígbà tí a ń dìde, ó ní, "Madamu, mo rántí yín. Zarma yín yé mi dáadáa lónìí."

Mo ní, "Ti ọjà náà ni, ọ̀gá."

Ọ̀rẹ́ mi pa dà sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sọ Yorùbá mọ́. Ìyá ọkọ mi ní kò burú, òun mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ ọ. Mo ń tẹ́ ẹní lọ, mo ń gbé omi lọ. Àwọn ènìyàn ní mo ṣe oore ńlá fún ọ̀rẹ́ mi, èmi náà mọ̀ pé mo ṣe é, kò sì dín ohun tó wà nínú mi kù. Nígbà tí ìyá náà kú, ọ̀rẹ́ mi wá bá wa ṣọ̀fọ̀, ó sunkún ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sì ń tọ́ka sí i dípò kí wọ́n máa kí èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé.

Owó yuréníọ̀mù wálẹ̀. Tírélà tó ń gòkè lọ dín kù, ọkọ mi jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́ kó tó ríṣẹ́ míì. Wọ́n dá ètò ọ̀rẹ́ mi dúró láìsọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé ara á tù mí. Kò pẹ́ tó fi fẹ́ ọkùnrin kan, wọ́n sì kó lọ sí òkè òkun. Èmi wà ní Lazaret. Mo kọ́ ọmọ títí mo fi di ọ̀gá ilé-ìwé kan náà, mo kọ́ ọmọ àwọn tí mo ti kọ́, mo ń fi kẹ́túlù àti abọ́ ṣe òjò lọ́dọọdún títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n, tí mo máa ń wo àwọn ọmọ tuntun tó wà níbẹ̀, tí n kì í jowú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọn kò kàn mí.

Lamordé ni a ti ṣe ìpàdé náà, ní ilé ọ̀kan nínú wa, níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti ń fẹ́ wọlé. A ti di àgbà. Ẹni tí n kò mọ̀ mọ́ pọ̀ ju ẹni tí mo mọ̀ lọ. Nígbà tó kàn mí, mo sọ tèmi: mo ṣe olùkọ́, mo bímọ, ọkọ mi ti kú, ara mi le. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi, ó gùn, ó gbàgbé ibi tó dé, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti di opó bíi tèmi. Ilé tó kọ́ sí òkè òkun ti di ti àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀. Yàrá kan ló ń gbé ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí. Mo tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣì tọ́, tí tèmi ti tẹ̀, mo sì jowú ẹ̀yìn náà.

Nígbà tí a ń lọ, ó ní kí a jọ wọ takisí kan, kí ó sìn mí dé Lazaret kó tó yà sílé. A jókòó sẹ́yìn, èjìká sí èjìká. Odò ń kọjá lábẹ́ afárá. Ó ní òun fẹ́ máa wá sí ọ̀dọ̀ mi, pé ilé ẹ̀gbọ́n òun dákẹ́ jù. Mo ní kó wá ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, màá se ìrẹsì. Ó ní ṣé ata rẹ̀ kò ní pọ̀. Mo ní bí ata ṣe máa ń wà nílé mi ni yóò ṣe wà.

Awakọ̀ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kò mọ ọ̀kankan nínú wa. "Màmá" ló ń pe àwa méjèèjì ní ohùn kan náà, inú mi sì dùn débi pé mo san owó takisí rẹ̀ mọ́ tèmi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà mi, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi há. Awakọ̀ náà sáré sọ̀ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ náà po, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀rẹ́ mi.